Bí Ẹtù Ṣe Di Aṣọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àtúnṣe Aṣọ Ìbílẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Òwe yìí kò sọ pé aṣọ ju ènìyàn lọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé aṣọ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Kí ènìyàn tó la ẹnu, aṣọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ó ti wá àti ipò tí ó wà. Ó sì ti sọ bóyá òde ayọ̀ ni ó ń lọ tàbí òde ọ̀fọ̀. Abájọ tí ọ̀rọ̀ aṣọ fi máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àgbà àti ọ̀dọ́. Ọ̀kan nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ bá mú ìró, bùbá, gèlè tàbí agbádá, tí ó yí bí a ti ń gé e padà, tí ó sì mú ewé, ẹyẹ tàbí omi ṣe ọnà sí i lára, ṣé aṣọ Yorùbá ni a óò ṣì máa pe aṣọ náà?

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan, kí ó rin àdúgbò Ìpọ̀nrí já ní Èkó. Àárín Sùúrùlérè àti Ẹbúté-Mẹ́ta ni Ìpọ̀nrí wà, kò sì jìnnà sí Yaba, níbi tí Yaba College of Technology, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, fìdí kalẹ̀ sí. Ní agbègbè yìí, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kò lóǹkà. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni a ti lè rí ìyá arúgbó tí ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá fún ọdún púpọ̀, àti ọ̀dọ́ tí ó ń fi ìwé ẹ̀rí kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn méjèèjì ń lo ẹ̀rọ ìránṣọ kan náà, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo aṣọ yàtọ̀. Ìyá a máa bèèrè pé, “Báwo ni wọ́n ṣe ń rán an?” Ọmọ a máa bèèrè pé, “Báwo ni mo ṣe lè rán an?” Láàrin ìbéèrè méjèèjì yìí ni ìjà wà.

Ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń kan àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni pé wọ́n ń ba aṣọ ìbílẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní aṣọ wa ti pé láti ilẹ̀ wá, kò sì sí ohun tí ó kù tí ẹnikẹ́ni tún lè fi kún un. N kò fara mọ́ èrò yìí. Kì í ṣe pé mo kórìíra ohun àtijọ́, nítorí ohun àtijọ́ ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Ìtàn aṣọ wa fúnra rẹ̀ ni kò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn pé tiwa ni, èyíinì ni aṣọ òkè tí a ń hun lórí òfì ní Ìṣẹ́yìn, ní Ọ̀yọ́, ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú mìíràn. Mẹ́ta ni àwọn ògbólógbòó inú rẹ̀: ẹtù, sányán àti àlàárì. Ẹ wo ẹtù ná. Ẹyẹ ni ẹtù, òun náà ni a ń pè ní awó. Ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, àmì funfun kéékèèké sì kún gbogbo ara rẹ̀. Àwọn ahunṣọ a máa rẹ òwú sínú aró léraléra títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, wọn a sì máa fi òwú tín-ín-rín tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ là á láàrin. Bí a bá sún mọ́ aṣọ náà, ìlà ni a óò rí. Bí a bá takété sí i, a óò rí i bí ẹ̀yìn ẹyẹ ẹtù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ hun aṣọ yìí kò ya àwòrán ẹyẹ kankan. Kò ya ẹnu ẹyẹ, kò sì ya ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kàn wo bí funfun ṣe tò sára dúdú ni, ó sì mú ètò yẹn wá sórí òfì. Ohun tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà òde òní ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn nìyẹn, tí a sì ń pè ní ohun tuntun.

Sányán, tí a ń pè ní baba aṣọ, tilẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara kòkòrò ni òwú rẹ̀ ti ń wá. Kòkòrò yìí máa ń jẹ ewé igi nínú igbó, nígbà tí ó bá sì tó àkókò tí yóò para dà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a para pọ̀ hun ilé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò wọ̀. Àwọn ènìyàn a lọ wá ilé náà lórí igi, wọn a sè é nínú omi eérú kí oje tí ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè kúrò, lẹ́yìn náà ni wọn a ran án bí òwú. Àwọ̀ ilẹ̀ tí sányán ní kì í ṣe aró, kì í sì í ṣe osùn. Àwọ̀ tí kòkòrò náà fún un ni. Nígbà tí ọlọ́lá bá wọ agbádá sányán jókòó láàrin àwùjọ, iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò inú igbó ni ó gbé wọ̀.

Àlàárì ní tirẹ̀ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Sẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, tí ó gba ilẹ̀ Haúsá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa. Nítorí náà, nínú aṣọ mẹ́ta tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ ohun àbáláyé, ọ̀kan gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹyẹ, ọ̀kan gba òwú rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò, ọ̀kan sì gba tirẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Kò tán síbẹ̀. Fìlà tí etí rẹ̀ méjèèjì ń fì sísàlẹ̀ ni a ń pè ní abetí-ajá, nítorí pé etí ajá ni ẹni tí ó rán an wò. Àwọ̀ pàápàá, ara ẹyẹ ni èdè wa ti ń rí i: nínú ìwúre wa, agbe ni a gbà pé ó ni aró, àlùkò ni a gbà pé ó ni osùn, a sì gbà pé lékeléke ni ó ni ẹfun. Aláró tí ó ń rẹ aṣọ mọ̀ pé agbe ti ṣe irú iṣẹ́ náà ṣáájú òun. Ẹni tí ó bá wá sọ pé ewé àti ẹyẹ lára aṣọ jẹ́ àṣà àjèjì kò tíì fi etí sí èdè ara rẹ̀ dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù ni àdìrẹ. Orúkọ aṣọ yìí ti sọ bí a ti ń ṣe é: a ó dì í, a ó sì rẹ ẹ́. Èyí tí a ń fi ìko dì ni àdìrẹ oníko. Àwọn kan a máa fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ náà pọ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, èyí sì ni àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Èyí tí ó lókìkí jù ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí a ń fi ẹ̀kọ tí a fi ẹ̀gẹ́ sè ya ọnà sí lára. Àwọn obìnrin a máa po álọ́ọ̀mù mọ́ ẹ̀kọ náà, wọn a sì fi ìyẹ́ adìyẹ ya ohun tí ó wà lọ́kàn wọn sórí aṣọ funfun. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ tán, wọn a ki aṣọ bọ inú aró tí a fi ewé èlú àti omi eérú ṣe. Aró kì í wọ ibi tí ẹ̀kọ wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ dé ibi tí wọ́n fẹ́, wọn a họ ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà a sì yọ.

Kì í ṣe òpó ìtàn àtayébáyé nìkan ni àdìrẹ fi ẹ̀yìn tì. Ìmọ̀ dídì àti rírẹ ti wà tipẹ́ lórí aṣọ tí a fi ọwọ́ hun, ṣùgbọ́n àdìrẹ tí a mọ̀ lónìí gbòòrò pẹ̀lú aṣọ funfun tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó wọ Èkó. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó. Ó gba Ìddó, Ẹbúté-Mẹ́ta àti Yaba lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ojú irin yẹn, tí kò jìnnà sí Ìpọ̀nrí tí mo ń sọ, ni ìgàn aṣọ funfun ń gbà lọ sí Abẹ́òkúta, òun náà sì ni àdìrẹ ń gbà padà wá sí Èkó. Kò pẹ́ rárá tí àwọn oníṣòwò láti àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn fi ń wá rà á. Ọ̀nà ìgbàlódé, aṣọ òkè òkun, aró ìbílẹ̀ àti ojú inú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ni ó para pọ̀ bí ohun tí a wá ń pè ní àṣà àwọn baba wa.

Kí ni àwọn obìnrin wọ̀nyí wá yà? Wọ́n ya ewé ẹ̀gẹ́, wọ́n ya alángbá, wọ́n ya ọ̀pọ̀lọ́, ejò, àkéekèé àti ẹja. Ọnà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹyẹ Pé, nítorí pé oríṣiríṣi ẹyẹ ni ó pàdé lórí rẹ̀. Òmíràn ń jẹ́ Oṣù Bàǹbà, tí òṣùpá ńlá tí ó yí roboto dúró láàrin rẹ̀. Wọ́n fi Olókun pe òmíràn, nítorí ọlá òkun. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n dúró lórí ewé àti ẹyẹ nìkan. Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, àwọn aládìrẹ Ìbàdàn wo àwọn òpó gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì yà wọ́n sínú ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn. Nígbà tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, wọ́n ya ọba àti ayaba sára àdìrẹ, wọ́n sì pè é ní Ọlọ́ba. Ohun gbogbo tí ojú rí ni ọwọ́ ń yà. Aṣọ wọn dà bí ìwé ìròyìn ìgbà wọn.

Bí àtúnṣe bá ti wà láti ìgbà yẹn, ṣé àwọn àgbà ìgbà náà kò jà? Wọ́n jà. Ìjà wọn sì yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn aláró Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró òyìnbó àti sódà oníná láti fi dín wàhálà èlú àti eérú kù. Iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń ṣí, pé ó sì ń tètè ya. Ní ọdún 1933, Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de lílo àwọn èròjà náà. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n ní ọjà ni ó bàjẹ́ kárí ayé, wọ́n sì ń bèèrè ẹni tí yóò bọ́ àwọn ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé e lórí ní ọdún 1936.

Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Kò sí ẹni tí ó lọ fi ẹjọ́ sun Aláké pé wọ́n ya òpó Mápó tàbí pé wọ́n ya ayaba òyìnbó. Ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀ ni pé ṣé aṣọ náà yóò tọ́, ṣé aró rẹ̀ yóò dúró. Àwọn baba àti ìyá wa mọ ìyàtọ̀ láàrin yíyí ọnà padà àti bíba iṣẹ́ jẹ́. Àwa tí a ń pe ara wa ní olùgbèjà àṣà lónìí ni a ti da méjèèjì pọ̀.

Ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan ni yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yé wa sí i. Ọmọ Èkó ni Fọláṣadé Thomas, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Shade Thomas-Fahm. Ọdún 1933 ni a bí i. Ní ọdún 1953, ó lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ó débẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ojú fèrèsé àwọn ilé ìtajà ńlá ni ó gba ọkàn rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní St Martin’s School of Art, ó sì ń fi aṣọ wíwọ̀ polówó láti fi rí owó gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, ó padà wá sílé.

Èkó tí ó bá nílé kì í ṣe ibi tí ó rọrùn fún irú iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀làjú ìgbà náà gbà pé aṣọ tí ó bá ti òkè òkun wá ni ó níyì. Aṣọ òfì àti àdìrẹ wà fún ìnáwó tàbí fún àwọn ará oko. Obìnrin yìí, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tí ẹnikẹ́ni ì bá rò pé ẹ̀wù òyìnbó ni yóò máa rán, ni ó wá ń bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n wo ohun tí ó wà nílé. Ó ṣí ilé ìtajà kan tí ó pè ní Maison Shade, tí ó wá di Shade’s Boutique, ní Federal Palace Hotel. Yaba gan-an, ní ọgbà ilé iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀, ni ó sì gbé ilé iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀ kalẹ̀ sí.

Kí ni ó ṣe? Ó mú ìró, ó fi síìpù sí i, ó sì sọ ọ́ di síkẹ́ẹ̀tì tí ó ní ìrísí ìró. Ó mú gèlè, ó wé e sílẹ̀ kí obìnrin lè gbé e dé bí fìlà. Ó mú agbádá ọkùnrin, ó sọ ọ́ di ẹ̀wù obìnrin. Ó fi àdìrẹ àti aṣọ òkè rán irú aṣọ tí a lè wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Àwọn kan lè sọ pé síìpù lára ìró jẹ́ ìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní 1962, tí ó ń fò wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Ìró tí ń tú ní gbogbo ìgbà kò lè bá a lọ síbi iṣẹ́. Ohun méjì péré ni ó kù fún un: kí ó fi ìró sílẹ̀ pátápátá, kí ó máa wọ síkẹ́ẹ̀tì òyìnbó, tàbí kí ẹnìkan tún ìró ṣe kí ó lè bá ìgbésí ayé rẹ̀ mu. Ẹni tí ó fi síìpù sí ìró kò lé ìró kúrò láwùjọ. Ó gbà á lọ́wọ́ ìgbàgbé ni. Ní ọdún 2004, ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé kan tí ó pè ní Faces of She. Ní ọdún 2022, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìpàtẹ aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n fi hàn. Ìlú tí ó ti lọ kọ́ṣẹ́ ni ó wá ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kò dúró ní Èkó nìkan. Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní Ògìdì ní ọdún 1951, kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ àwọn ìyá ilé rẹ̀. Ní ọdún 1983, ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ àdìrẹ àti àwọn iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹnìkan ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó wá bá aṣọ ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkejì ṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ jáde sí gbogbo ayé. Ọ̀nà méjèèjì pàdé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní, nítorí pé bí mo ṣe ń gbèjà wọn, n kò sọ pé kò sí ohun tí ó kù fún wọn láti ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ilé àwọn òbí rẹ̀ wà ní Ìpọ̀nrí wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí ìró àti bùbá, ó sì fẹ́ kí n bá a yẹ èdè Yorùbá inú ìwé rẹ̀ wò. Igi fúrúùtù tí ó wà ní iwájú ilé wọn ni ó wò fi ṣe ọnà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó mọ igi náà: ewé rẹ̀ a máa pọ́n bí iná kí ó tó já bọ́. Ó gé apá bùbá náà bí ewé tí ó gorí ara wọn. Ó rẹ ìró sínú aró, ó sì rẹ etí rẹ̀ sínú omi obì títí ó fi di pupa rúsúrúsú, bí ewé tí ó ń gbó lọ. Aṣọ náà dára. Mo bi í pé, “Kí ni orúkọ rẹ̀?”

Ó ní, “Orúkọ tèmi ni, sà, àbí ti aṣọ?”

Mo ní, “Ti aṣọ.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Nọ́ńbà ni a máa ń fún un ní ilé-ẹ̀kọ́, sà. Nọ́ńbà kẹrin ni èyí.”

Mo sọ fún un pé kí ó lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyá àgbà ti wo aṣọ náà, ó ti yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì ti sọ ọ́ ní Ogbó-Yẹ-Ewé. Láti ọjọ́ yẹn ni aṣọ náà ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá rí i lára àgbàlagbà obìnrin yóò mọ̀ pé ẹ̀yẹ ni. Ẹni tí ó bá rí i lára ọ̀dọ́ yóò mọ̀ pé àdúrà ni.

Èyí ni kókó ohun tí mo ní láti sọ. Ohun tí ó mú kí ewé ẹ̀gẹ́ lára àdìrẹ jẹ́ tiwa kì í ṣe pé ẹ̀gẹ́ ń hù ní ilẹ̀ wa. Ará Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ẹ̀gẹ́ gan-an. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé e wá. Ó di tiwa nítorí pé obìnrin kan wò ó, ó yà á, ó sọ ọ́ lórúkọ ní èdè wa, àwọn mìíràn sì gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ ni ó ń so ọnà mọ́ àwùjọ. Ọnà tí kò ní orúkọ, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, ẹnikẹ́ni lè jí i gbé, kò sì sí ohun tí a óò fi pè é padà.

Ìyẹn sì ti ń ṣẹlẹ̀. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sórí aṣọ, wọ́n sì ń kó o wá sí ọjà wa, títí dé ọjà Ìtọ́kú ní Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ oríta àdìrẹ. Aṣọ náà kò rí ẹ̀kọ, kò rí aró. Ẹ̀rọ a tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá kí ìyá kan tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya àbọ̀ aṣọ, owó rẹ̀ sì kéré ju ti ìyá náà lọ. Oúnjẹ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó ń lọ. Àwọn tí ó ń tẹ aṣọ náà kò mọ Ẹyẹ Pé yàtọ̀ sí Olókun. Wọn a já ìdajì èyí mọ́ ìdajì ìyẹn. Bí a kò bá ṣọ́ra, ọmọ wa yóò dàgbà, yóò rò pé ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni àṣà.

Síbẹ̀, bí ìbínú àwọn àgbà bá ru sókè, ọ̀dọ́ tí ó fi ewé fúrúùtù rán bùbá ni wọ́n ń bá wí. Àwọn tí ó ń bá a wí gan-an, kí ni ó wà lára wọn? Léèsì ni, tí wọ́n ti ń hun wá fún wa láti orílẹ̀-èdè Austria láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú. Tàbí àǹkárá, tí àwọn ará Netherlands kọ́ lára iṣẹ́ ọnà Indonesia ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí wọ́n tó kó o wá bá wa. N kò bẹnu àtẹ́ lu léèsì tàbí àǹkárá. Èmi náà ń wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá lè fi ọwọ́ méjèèjì gba ohun tí àlejò ṣe fún wa, tí a sì pè é ní aṣọ ìbílẹ̀, kí ni ìdí tí a óò fi ti ohun tí ọmọ wa ṣe fúnra rẹ̀ dànù?

Ìlànà mẹ́ta ni mo rò pé ìtàn fún wa láti fi yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Èkíní, kí iṣẹ́ náà dúró. Kí aró má ṣí, kí ojú rírán má tú, nítorí ohun tí àwọn ará Abẹ́òkúta jà lé lórí ní 1933 nìyẹn. Èkejì, kí ẹni tí ó ń wo ẹ̀dá wò ó dáadáa, bí ahunṣọ àkọ́kọ́ ṣe wo ẹtù, kí ó má kàn lẹ àwòrán ewé mọ́ àyà aṣọ. Ẹ̀kẹta, kí aṣọ náà ní orúkọ tí ènìyàn lè pè, tí ó sì ní ìtumọ̀ fún ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Ìlànà ẹ̀kẹta yìí kan àwa olùkọ́ èdè. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà wà ní igun kan, ẹ̀ka èdè Yorùbá sì wà ní igun kejì, wọn kì í sì í kí ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ aránṣọ mọ bí a ti ń gé aṣọ, kò mọ ohun tí Oṣù Bàǹbà túmọ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ oríkì agbe, kò tíì fi ọwọ́ kan aró rí. Kí a kó àwọn méjèèjì jọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá aládìrẹ tí ó ṣẹ́ kù ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn àti ní Òṣogbo. Kí ẹnìkan kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí ẹnìkejì sì kọ orúkọ gbogbo ọnà tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ìyá náà ń darúgbó, iye àwọn tí ó lè ka orúkọ ọnà ogún láìwo ìwé sì ń dín kù lọ́dọọdún.